Èrò Òpè Lórí Sinimá Olówó Pọ́ọ́kú

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ọ̀mọ̀ràn tí yóò sọ̀rọ̀ lórí sinimá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yà sí. Iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá ni mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe. N kò kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà, n kò sì dúró ti ẹni tí ń darí fíìmù rí. Ohun tí mo mú wá sí ìdí ọ̀rọ̀ yìí kò ju ojú méjì tí mo fi ń wòran, etí tí mo fi ń gbọ́, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ òru tí oorun kọ̀ láti kùn mí. Ṣùgbọ́n òpè náà lójú, ó sì lẹ́nu. Ẹni tí kò mọ ọbẹ̀ sè náà a máa mọ̀ bí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Àwọn sinimá tí mo ní lọ́kàn kì í ṣe èyí tí gbogbo ayé ń pariwo. Àwọn eré amúnilẹ́rù àti eré apanilẹ́rìn-ín ni wọ́n, tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi owó tín-ń-tín ṣe láàárín ọdún 1956 sí 1968, tí àwòrán ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ dúdú àti funfun, tí a kò sì lè rí ẹni mẹ́ta tí ó mọ orúkọ wọn nínú yàrá àwọn olùkọ́ wa. Orí kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni mo ti kọ́kọ́ rí ọ̀kan nínú wọn ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti dà kọ láti orí òmíràn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú àwọn òṣèré fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn mọ́. Lónìí, ẹni tí ó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì lè rí ọ̀pọ̀ nínú wọn wò láìsan kọ́bọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan, tí òun náà jẹ́ olùkọ́, tí ó sì ti ń máàkì ìwé ìdánwò láti ọjọ́ pípẹ́, kì í fẹ́ gbọ́ nípa wọn. Pàǹtí ni ó ń pè wọ́n. Ó ní kí ni àgbàlagbà tí ó ka Fágúnwà tán ń wá lọ sí ìdí òkú tí a fi páálí ṣe sàréè fún. Mo ní ohun tí mò ń wá níbẹ̀ ni ẹnu ara mi. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi mọ ohun tí mò ń sọ. Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè pé kí ni èrò rẹ̀ lórí ìwé tí a yàn fún ìdánwò, ohun tí ó há sórí nínú ìwé atọ́nà ni yóò pọ̀ síta, gbólóhùn kan náà, láti orí ìjókòó àkọ́kọ́ dé èyí tí ó kẹ́yìn. Kò sí ìwé atọ́nà lórí àwọn sinimá tí mò ń sọ yìí ní ọjà wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí wọn níláti sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n tètè mú èyí tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ jù lọ kúrò nílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Plan 9 from Outer Space. Ed Wood ni ó ṣe é. Ó yà á ní 1956, ṣùgbọ́n ó di 1959 kí ó tó jáde sí gbangba. Àwọn ará òfurufú ni wọ́n wá sí ayé wá jí òkú dìde. Òṣèré àgbà Bela Lugosi, tí ó yẹ kí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òkú náà, kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1956, ìwọ̀nba àwòrán díẹ̀ ni Wood sì ti yà nípa rẹ̀. Kí ni ọkùnrin yìí ṣe? Ó mú oníṣègùn kan tí ń tọ́ eegun ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀, ó fi aṣọ àwọ̀lékè bò ó nímú, ó ní kí ó máa rìn kiri ní ipò olóògbé. Oníṣègùn náà ga ju Lugosi lọ, kò sì jọ ọ́ rárá. Àwọn sàréè máa ń mì bí ẹsẹ̀ bá kàn wọ́n. Ilẹ̀ a ṣú, ojú a tún mọ́, láàárín ìjà kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n dá owó rẹ̀, àwọn kan nínú àwọn eléré náà sì níláti ṣe ìrìbọmi kí iṣẹ́ tó lè lọ.

Ní 1980, Harry àti Michael Medved gbé ìwé kan jáde tí wọ́n ti fi eré yìí jẹ oyè sinimá tí ó burú jù lọ láyé. N kò fara mọ́ oyè náà. Eré tí ó burú jù lọ ni èyí tí ó mú ènìyàn sùn, mo sì ti sùn níwájú sinimá tí owó rẹ̀ tó kọ́ ilé ìwé gíga kan. Oorun kò kùn mí nídìí Ed Wood rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí àwọn ènìyàn ń rín níbẹ̀ ni kì í dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Baba Sálà wa, bá jáde sórí ìtàgé pẹ̀lú aṣọ tí kò bá ara mu àti aago ńlá tí ó máa ń gbé kiri, òun ni ó ní kí á rẹ́rìn-ín. Ó ti wọn ẹ̀rín náà sílẹ̀ kí á tó dé. Ed Wood kò ní kí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ kí á bẹ̀rù, ó sì tún fẹ́ kí á ronú, nítorí ọ̀kan nínú àwọn ará òfurufú náà dúró sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan lórí bọ́ǹbù tí àwọn ọmọ aráyé ń ṣe, tí wọn yóò fi run ara wọn àti ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é fi sílẹ̀. Ẹni tí ó ń sọ ọ́ ni aṣọ rẹ̀ ń dán bí aṣọ àgbò ojú àlá.

Manos, tí ọkùnrin kan tí ń ta ajílẹ̀ ṣe ní El Paso ní 1966, n kò lè gbèjà rẹ̀. Kámẹ́rà wọn kò lè ya àwòrán ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 32 lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yìn tí wọ́n yà á tán ni àwọn ènìyàn díẹ̀ sì tó jókòó fi ohùn sí ẹnu gbogbo òṣèré. Mo wò ó dé òpin nítorí pé mo ti bẹ̀rẹ̀ ni.

Ti Little Shop of Horrors yàtọ̀. Roger Corman, tí ó kú ní 2024, ni ó darí rẹ̀ ní 1960, ọjọ́ méjì àti òru kan ni wọ́n sì fi ya èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Charles B. Griffith ni ó kọ ọ́, òun náà ni ó sì ya ohùn fún igi inú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bẹ tí ń jẹ́ Seymour, ọmọṣẹ́ ni ó jẹ́ nílé ìtajà òdòdó kan tí ọjà rẹ̀ kò tà. Ó mú igi àjèjì kan wá, ó bomi rin ín, igi náà ń rọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, nǹkan gún un níka, ẹ̀jẹ̀ kán sí igi náà lẹ́nu, ni igi bá la ojú. Láti ọjọ́ náà ni oníbàárà ti ń ya wá. Ọ̀gá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, owó ń wọlé, ṣùgbọ́n igi náà ń dàgbà, ẹ̀jẹ̀ ìka kò tó o mọ́, ó sì ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Bí ọmọ tí a kẹ́ bàjẹ́ ni ó ṣe ń béèrè oúnjẹ. Ènìyàn kan bọ́ sí i lẹ́nu, èkejì tẹ̀lé e.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìtàn ta ni èyí? Ṣé kì í ṣe ìtàn òògùn owó tí a ń gbọ́ láti kékeré ni, èyí tí í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun kékeré, tí í sì parí sórí ọmọ ènìyàn? Ní ọjọ́ tí mo gbé e sílẹ̀ fún àwọn ará ilé mi, ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tí Jack Nicholson, tí kò tí ì lókìkí nígbà náà, wọ ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín, tí inú rẹ̀ ń dùn pé wọn yóò dun òun. Ṣùgbọ́n bí igi náà ti gbé ẹnìkejì mì, ó dákẹ́. Ó wò mí, ó ní, ‘Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ̀rín lèyí?’ N kò rí èsì fún un. Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń rẹ́rìn-ín ni àwa fi ń lọ sí ìṣọ́ òru. Bí wọ́n bá fún ọ̀kan nínú àwọn olóòtú fídíò wa ní ìtàn kan náà, kò ní fi ohun ẹ̀rín kan sínú rẹ̀. Yóò pe pásítọ̀ kí eré tó dé ìdajì.

Èmi rò pé ibi tí ó yẹ kí ó bani lẹ́rù jù nínú eré náà ni ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò sí. Ọ̀gá Seymour yọjú lóru, ó rí ohun tí ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń fi bọ́ igi. Ó pinnu láti lọ sọ fún ọlọ́pàá bí ilẹ̀ bá mọ́. Ilẹ̀ mọ́, ó dé ìsọ̀, ó bá oníbàárà tí wọ́n tò jánà, kò sì lọ mọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni Griffith ná sórí rẹ̀.

Mo wá kan èyí tí mo tìtorí rẹ̀ mú gègé. Carnival of Souls ni wọ́n ń pè é, ọdún 1962 ni ó jáde. Herk Harvey tí ó ṣe é kì í ṣe ará Hollywood. Ìlú Lawrence ní Kansas ni ó ti ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ kan tí ń ṣe fíìmù fún ilé ẹ̀kọ́ àti fún àwọn oníṣòwò, irú fíìmù tí ń kọ́ ọmọdé bí a ti í hùwà. Ó kọjá lẹ́bàá Adágún Odò Iyọ̀ ní Utah, ó rí Saltair, gbọ̀ngán ijó ńlá kan tí wọ́n ti pa tì, ojú rẹ̀ kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Nǹkan bí 33,000 dọ́là ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe eré náà, owó tí òṣèré kan ṣoṣo lè gbà ní Hollywood nígbà náà kí ó má tilẹ̀ dúpẹ́. Harvey fúnra rẹ̀ kun ẹfun sójú, ó ṣe òkú tí ń tọ obìnrin náà lẹ́yìn.

Ìtàn náà kò gùn. Ọkọ̀ kan já láti orí afárá sínú odò pẹ̀lú ọmọbìnrin mẹ́ta. Wọ́n wá a títí, wọn kò rí i. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ọ̀kan nínú wọn, Mary Henry, yọ sí etí odò pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára. Kò dúró láti ṣọ̀fọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó ṣí lọ sí ìlú òkèèrè ní Utah, ó gba iṣẹ́ títẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó gba yàrá kan. Ṣùgbọ́n ọkùnrin olójú funfun kan ń yọ sí i lójú fèrèsé, àti pé ìgbà mìíràn wà tí ó wà láàárín ọjà tí ẹnikẹ́ni kò rí i, tí wọn kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, wọ́n fa ọkọ̀ náà jáde láti inú odò. Òun náà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù.

Àwọn tí wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀ lókè òkun máa ń pè é ní eré tí ó dà bí àlá. Kò sí àlá kan níbẹ̀. Àkúdàáyà ni obìnrin náà. Ó kú ní ibì kan, ó yọ ní ibòmíràn níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń sanwó ilé. Ní ìgbà tí mo fi eré náà han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò, n kò tí ì sọ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ké e pa pọ̀. Ọ̀kan tilẹ̀ nawọ́, ó ní, ‘Sà, owó ilé tí ó san yẹn, ṣé kò ní di ewé lọ́wọ́ onílé?’ Mo fi ìbéèrè náà sílẹ̀ fún wọn láti jà lé lórí. Ìyàtọ̀ kan wà tí mo ní kí wọ́n ṣàkíyèsí: àkúdàáyà tiwa mọ̀ pé òun ti kú, ìdí nìyẹn tí í fi í sá bí ojúlùmọ̀ bá dé. Mary Henry kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí ju bí ó ti kan kíláàsì lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú sí Jọ́ọ̀sì ní 1971. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí kí ìròyìn tó dé ilé. Ìyá wa kò rí òkú, kò rí sàréè. Ní ọdún kẹta, obìnrin kan tí ń ná ọjà Dàntọ́kpà ní Kútọnu wá bá a, ó ní òun rí ọkùnrin kan tí ń ta bàtà níbẹ̀, pé bí òun ti pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni ọkùnrin náà kó ọjà rẹ̀, òun kò sì rí i mọ́. Ìyá mi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó gún àádùn, nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn rẹ̀, ó dì í sínú ewé, ó wọ ọkọ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ó padà. Àádùn náà wà nínú ewé bí ó ti dì í. Kò sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, a kò sì bi í. Títí ó fi kú, bí a bá ń ra bàtà nílé wa, yóò dìde kúrò níbẹ̀.

Gbogbo ìtàn àkúdàáyà tí mo gbọ́, ẹnu alààyè ni mo ti gbọ́ ọ. Ìyàwó tí ó lọ wá ọkọ ni ó ń sọ ọ́, tàbí ọ̀rẹ́ tí ó rí i lọ́jà. Bí òkú náà bá ti gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ, ìtàn tán. Ibo ni ó sá lọ? Ta ni ó ń gbọ́únjẹ fún un? Ìtàn kì í bá a dé ibẹ̀. Herk Harvey, tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí láyé rẹ̀, bá a dé ibẹ̀. Ó fi yàrá tí obìnrin náà gbà hàn wá, àti onílé rẹ̀, àti aládùúgbò ọ̀mùtí tí ń kan ilẹ̀kùn. Ó fi hàn wá bí ojú rẹ̀ ti rí nígbà tí ó dúró níwájú ẹni tí ń tajà, tí ó ń sọ̀rọ̀, tí a kò dá a lóhùn. Ìyá mi ni mo ti ń káàánú láti 1974. Ní alẹ́ tí mo wo eré yìí ni mo kọ́kọ́ ronú nípa ẹni tí ń ta bàtà.

Eré náà lábùkù o. Àwọn kan nínú àwọn òṣèré ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń ka ohun tí a kọ sára pátákó, ohùn wọn kì í sì í bá ètè wọn rìn nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n Candace Hilligoss, tí ó ṣe Mary Henry, tó ó wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó ku Night of the Living Dead ti George Romero, tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá owó ṣe nítòsí Pittsburgh, tí ó jáde ní 1968. Nǹkan bí 114,000 dọ́là ni ó ná wọn. Omi ṣokoléètì ni ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀. Nítorí pé àwòrán dúdú àti funfun ni, kò sí ẹni tí ó mọ̀. Àwọn òkú inú rẹ̀ kì í ṣe àkúdàáyà ní tiwọn, nítorí wọn kì í sọ̀rọ̀, wọn kì í tajà, wọn kì í sì í mọ ìyekan. Arákùnrin wá fa àbúrò rẹ̀ obìnrin lé àwọn òkú lọ́wọ́. Ọmọdébìnrin dìde nínú àjà ilẹ̀, ó pa ìyá tí ń pè é lọ́mọ. Jíjẹ ẹran ara kò bà mí lẹ́rù tó ìyẹn.

Orúkọ mìíràn ni fíìmù náà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn tí ń pín in yí orúkọ náà padà, wọn kò tún ìlà tí ó sọ pé oníǹkan ni ó ni í kọ sí i, òfin Amẹ́ríkà ìgbà náà sì sọ pé ohun tí kò bá ní ìlà yẹn ti di ti gbogbo ayé. Báyìí ni ẹnikẹ́ni ṣe lè dà á kọ, kí ó tà á, kí Romero má sì rí nǹkan gbà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá rántí Ọ̀run Móoru ti 1982 yóò mọ̀ bí ó ti í dunni. Baba Sálà jẹ gbèsè lé fíìmù yẹn, àwọn olè dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń tà á kiri nígbà tí òun ṣì ń retí owó ẹnu ọ̀nà. Òfin ni ó gba ti Romero, olè ni ó jí ti Baba Sálà. Àwọn méjèèjì sì ti lọ, Romero ní 2017, Baba Sálà ní 2018. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé bí kì í bá ṣe ìdàkọ yẹn ni, kásẹ́ẹ̀tì bàìbàì tí mo sọ lókè kò bá má dé ìlú wa. N kò mọ bí mo ṣe lè fi inú dídùn mú èkíní, kí n sì bínú sí èkejì, ṣùgbọ́n ohun tí mò ń ṣe gan-an nìyẹn.

Duane Jones, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí òun náà ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ni ó ṣe Ben, akọni eré náà. Ben ní kí wọ́n kan fèrèsé pa, kí wọ́n sì dúró lókè ilé. Cooper, aláwọ̀ funfun oníbìínú, ní àjà ilẹ̀ ni kí gbogbo wọn sá sí. Wọ́n jà lé e lórí títí àwọn òkú fi wọlé. Ben nìkan ni ó là á já, inú àjà ilẹ̀ tí ó kọ̀ láti wọ̀ ni ó sì sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbọ́ ìbọn àwọn tí wọ́n wá gbani là, ó yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ṣe bí òkú ni, wọ́n yìnbọn fún un. Oṣù kẹrin ọdún 1968 yẹn kan náà ni wọ́n pa Martin Luther King.

Mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ìbéèrè kan lórí rẹ̀: ta ni ó jàre, Ben tàbí Cooper? Ọ̀pọ̀ gbè sẹ́yìn Ben, nítorí pé ènìyàn rere ni. Àwọn díẹ̀ kíyè sí i pé àjà ilẹ̀ ni ó gbà á là. Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì kọ ìpínrọ̀ mẹ́rin. Ó ní òun kò bá ẹnìkan nínú àwọn méjèèjì wí, pé ẹni tí ó wà níta pẹ̀lú ìbọn ni òun fẹ́ bi léèrè ìdí tí kò fi kọ́kọ́ ké pe ẹni tí ó rí lójú fèrèsé, bóyá yóò dáhùn. Mo fún un ní 17 nínú 20. Ọ̀rẹ́ mi tí mo fi ìwé náà hàn ní 8 ni òun yóò fún un, nítorí kò dáhùn ohun tí a bi í. A kò tí ì parí rẹ̀.